Lẹ́tà Kérésì Láti Ọ̀dọ̀ Ìyá Mínà

Fóònù mi dún lórí tábìlì láàárọ̀ àná, mo jókòó tì í, mi ò gbé e. Láti ìgbà tí Disẹ́ńbà ti wọlé ló ti ń dún báyìí, kò sì sí nǹkan tó ń gbé wá ju àwòrán àbẹ́là àti ìràwọ̀ lọ, èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan, tí ẹni yẹn náà sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ayé láìkà á. Àwọn ará ìjọ wa ń kí mi. Àwọn tí a jọ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ń kí mi. Ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Bìní ń kí mi lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, bí ìgbà tí dókítà bá kọ oògùn féèyàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè bóyá mo ti jẹun. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Lọ́dún yìí, kíkí pàápàá ń rẹ̀ mí.

Nígbà tí oòrùn fi dé fàráńdà tí mo jókòó sí nílé mi ní Ugbor ní Bìní, mo gbé fóònù náà wò. Kì í ṣe àwòrán àbẹ́là. Ọkùnrin arúgbó kan àti obìnrin arúgbó kan ni wọ́n jókòó lórí àga méjì, ìbòrùn wúúlù wà léjìká obìnrin náà, àwo pẹrẹsẹ kan sì wà láàárín wọn. Ohun tó wà nínú àwo yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀, kí n tó dá ojú àwọn tó jókòó mọ̀. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ká róbótó mọ́ ara rẹ̀, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Kí n má purọ́, mo gbóòórùn rẹ̀ níbi tí mo wà, òórùn epo gbígbóná àti kúmínì yíyan, hóró wẹ́wẹ́ kan tó ń ta sánsán, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún tí mo ti fi ẹnu kàn án kẹ́yìn.

Mínà, ọmọ wọn, ló kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ òun obìnrin ti parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín. Etí bàbá òun ti di pátápátá, àmọ́ wọ́n ṣì ń yanjú ìṣirò inú ìwé ìròyìn láràárọ̀. Wọ́n ti bá ìyá òun yọ ohun tó bo ẹyinjú wọn, wọ́n sì ti padà sídìí iná, kò sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n kí wa kú ọdún Kérésì, wọ́n kí wa kú ọdún tuntun tó ń bọ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí n mu tíì mi tán: "Ìyá mi ní Màmá ńkọ́? Wọ́n ní ẹnu Màmá dákẹ́ lọ́dún yìí."

Màmá mi kú láàárín òjò ọdún yìí. A ti sin wọ́n, a ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe, gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ní Bìní àti ní Iléṣà ló ti gbọ́. Àwọn arúgbó méjì yìí nìkan ni mi ò tíì sọ ọ́ fún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó máa pẹ́ díẹ̀, nítorí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ jìnnà.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí òpópónà Upper Sakponba ní Bìní là ń gbé. Yàrá mẹ́jọ ló dojú kọ ara wọn níbẹ̀, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà láàárín, igi gúáfà kan sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí àwa ọmọdé kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n. Àwọn ará Ẹdó ló pọ̀ jù, ìdílé Urhobo méjì wà, ìdílé Ìgbò kan wà, àwa sì ni Yorùbá. Akọ̀wé ìjọba ni Bàbá mi. Aránṣọ ni Màmá mi, ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí, kò sì sí ẹni tó ń wọlé tàbí tó ń jáde tí kò ní kí wọn kó tó kọjá. Ẹni tó bá gbàgbé, wọ́n á pè é padà, wọ́n á bi í bóyá àwọn jọ sùn mọ́jú ni.

Iwájú ilé, níbi tó láyè díẹ̀ ju tiwa lọ, ni tíṣà kan láti ilẹ̀ Íńdíà ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tí kò jù mí lọ. Nígbà yẹn, àwọn tíṣà Íńdíà pọ̀ nílé ìwé girama káàkiri, ìṣirò lèyí sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Orúkọ wọn gùn, kò sẹ́ni tó lè pè é dópin. Màmá mi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n béèrè orúkọ ọmọ, wọ́n ní Mínà ni, láti ọjọ́ yẹn ni obìnrin náà ti di Ìyá Mínà, tí tíṣà sì di Bàbá Mínà. Onílé wa tó jẹ́ ọmọ Ẹdó pàápàá, Ìyá Mínà ló ń pè wọ́n.

Aṣọ ló mú àwọn ìyá méjèèjì mọ ara wọn. Ìyá Mínà mú aṣọ tuntun wá fún Màmá pé kí wọ́n bá àwọn rán búláòsì tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ sárì, aṣọ gígùn tí wọ́n ń ró mọ́ra, wọ́n sì mú ògbólógbòó kan wá kí Màmá fi wò ó rán. Màmá gbé ògbólógbòó náà sókè, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n rí i pé kò dé ìdodo. Lójú tiwọn, bóyá aṣọ náà ti súnkì nínú omi, bóyá aránṣọ tó rán an lọ́hùn-ún ló gé jẹ nínú aṣọ oníbàárà, ìyẹn sì ni wọ́n gbà gbọ́ jù, nítorí wọ́n mọ àwọn aránṣọ. Wọ́n wá àjákù tó bá a mu nínú àpò tiwọn, wọ́n fi lé èyí tuntun nísàlẹ̀ yípo, wọ́n rán an débi ìbàdí, wọn ò sì gba nǹkan kan lé e. Nígbà tí Ìyá Mínà wọ̀ ọ́, wọ́n wo ara wọn nínú dígí, wọ́n wo Màmá, ẹ̀rín wá gbé wọn débi pé wọ́n ní láti jókòó. Màmá ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn ò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n ń dìídì rán an kúrú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n búláòsì yẹn ni Ìyá Mínà wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì ọdún náà, òun náà ni wọ́n sì ń wọ̀ ní gbogbo Kérésì títí wọ́n fi kúrò ní Bìní. Màmá a máa nàka sí i fún àwọn oníbàárà pé ọwọ́ òun ni.

Ọdún tiwọn, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ará Íńdíà, máa ń ṣáájú Kérésì. Wọ́n á to agolo mílíìkì tó ti ṣófo sórí àtẹ̀gùn, wọ́n á bu epo sí i, wọ́n á fi òwú sí i, wọ́n á tan án nírọ̀lẹ́, onílé á sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dúró tì í títí èyí tó kẹ́yìn yóò fi kú, nítorí kò fi ilé rẹ̀ ṣeré. Ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni ọdún náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń lò nílé wọn tí wọn ò rí rà ní Bìní. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe é. Màmá ní ṣé ẹ̀wà náà ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n mú Ìyá Mínà lọ sí ọjà Oliha, wọ́n ra ẹ̀wà, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n bó o bí wọ́n ṣe ń bó ti àkàrà, wọ́n sá a sórí ẹní, nígbà tó gbẹ tán, wọ́n gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ìlọta. Iṣẹ́ èmi àti Mínà ni láti lé adìyẹ kúrò lórí ẹní náà. A ó jókòó sí igun méjì, igi tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́, a ó máa fi ẹnu jà lórí ohun tí mi ò rántí mọ́.

Ohun èlò kan tí wọ́n fi idẹ ṣe ni Ìyá Mínà fi ń ṣe èyí tí mo rí nínú àwòrán yẹn. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà àti ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n á pò mọ́ ata, iyọ̀ àti kúmínì, wọ́n á kì í sínú ohun èlò náà, wọ́n á máa yí ọwọ́ rẹ̀, okùn ìyẹ̀fun yóò sì máa jáde nísàlẹ̀, tí wọ́n ó máa ká a sórí bébà kí wọ́n tó dín in. Ṣákílì lorúkọ rẹ̀. Ìgbín làwa ọmọ àgbàlá ń pè é, nítorí bó ṣe ká. Wọ́n tún máa ń ṣe ládù, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan tí wọ́n fi ṣúgà àti bọ́tà ṣù, àti èyí tó jọ míìtì-páì, àmọ́ àgbọn àti ṣúgà ló wà nínú tiẹ̀. Ewé kan tí wọ́n ń wá fún ọbẹ̀ wọn, wọ́n júwe rẹ̀ títí, kò yé ẹnikẹ́ni. Màmá já ẹfinrin fún wọn, wọ́n sì ń fi ẹfinrin sebẹ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí wọ́n ti padà sílé, wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ọbẹ̀ àwọn ò dà bí ọbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi ni kò bọ̀wọ̀ fún ṣákílì rárá. Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á bomi tútù sí gààrí, wọ́n á máa mu ún, ṣákílì ni wọ́n á sì máa run sí i dípò ẹ̀pà. Ọjọ́ tí Ìyá Mínà kọ́kọ́ rí wọn, wọ́n dúró lójú kan, wọ́n ń wò wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Mínà gbé abọ́ wá, ó ní ìyá òun ní kí òun wá bu gààrí.

Pijin ni Ìyá Mínà àti Màmá jọ ń sọ, àmọ́ ìkíni wa wọ Ìyá Mínà lọ́kàn púpọ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé a ní èyí tí a fi ń kí ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ní ti ẹni tí oòrùn ń pa. Wọ́n ń kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan, wọ́n sì ń lò wọ́n níbi tó tọ́ àti níbi tí kò tọ́. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá mi gẹrun dé, wọ́n kí wọn kú ewu.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí àkókò iṣẹ́ Bàbá Mínà pé, tí ìjọba ò sì tún ìwé wọn ṣe mọ́, wọ́n bá padà sí Íńdíà. Èmi àti Mínà ṣèlérí pé a ó máa kọ̀wé síra wa títí ayé, ẹ̀ẹ̀mejì péré la sì kọ ọ́. Àwọn ìyá wa ni kò ṣèlérí kankan, àwọn ni wọn ò dáwọ́ dúró.

Lẹ́tà Ìyá Mínà máa ń dé ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésì, lórí bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ká tó fi ń di àpòòwé fúnra rẹ̀. Tọkọtaya ló máa ń fọwọ́ sí i. Wọ́n á sọ ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó bímọ, iyàrá tí wọ́n fi kún ilé, agolo ṣákílì mélòó ni wọ́n dín àti ọjọ́ mélòó tó fi tán. Èmi ni mo ń kà á fún Màmá ní Yorùbá, nítorí Bíbélì Yorùbá nìkan ni wọ́n lè kà, èmi náà ni mo sì ń kọ èsì. Wọ́n á máa sọ ọ́ bí wọ́n ti ń tẹ ẹ̀rọ wọn lọ, èmi á máa yí i sí Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé mi. Ìdajì èsì náà, ẹjọ́ Bàbá mi ni. "Kọ ọ́ pé ọkọ mi tún ra rédíò, èyí tó wà nílé ò sì tíì bàjẹ́. Kọ ọ́ pé dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, inú páálí ṣúgà ni wọ́n wá ń fi iyọ̀ pamọ́ sí." Bàbá á wà lórí àga wọn, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n ṣáà má gbàgbé láti béèrè ṣákílì.

Lẹ́yìn ọdún méjì tí ìdílé Mínà ti lọ, Bàbá mi ṣubú níbi iṣẹ́, wọn ò sì padà wálé mọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, orí fóònù lẹ ti ń ka ikú. Wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa. Ẹni tí wọ́n rán sí ìyá Bàbá mi ní Iléṣà, ohun tó sọ ni pé ara ọmọ wọn ò yá díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ ká lọ wò ó. Obìnrin méjì bá wọn wọ ọkọ̀, ọ̀kan jókòó lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, tí ìyá àgbà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí àwọn méjèèjì di apá wọn mú gírígírí, ìgbà yẹn ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́. Mo wà níbẹ̀, mo rí i bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yẹ̀ tí wọn ò sì ṣubú.

Nígbà tí Disẹ́ńbà dé, lẹ́tà búlúù dé. Wọ́n kí wa, wọ́n kí Bàbá, wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ iyọ̀. Mo mú bébà, mo ń retí ohun tí Màmá máa sọ. Wọ́n ń rán aṣọ dúdú ara wọn tó tú.

"Kọ ọ́ pé ọkọ mi ń kí wọn."

Mo ní ṣé kí n má sọ fún wọn ni.

"Ta ni yóò dì wọ́n mú?" Màmá ò gbójú sókè. "Bàbá Mínà á wà níbi iṣẹ́. Ìyá Mínà á dá jókòó síbì kan, wọ́n á já ìwé. Lẹ́tà ò lọ́wọ́ tó fi ń di èèyàn mú. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kí wa, màá sọ ọ́ fún wọn."

Mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ń kí yín. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ ọ́. Ìlú Íńdíà jìnnà, kò sẹ́ni tó wá kí wa, ọdọọdún ni wọ́n sì ń kí Bàbá mi tí mo ń dáhùn fún wọn. Mo ti wọ ẹgbẹ́ àdúrà nílé ìwé nígbà náà, wọ́n ti kọ́ wa pé irọ́ kékeré ò sí. Tí oṣù Nofẹ́ńbà bá ti ń parí, inú mi á ti máa bàjẹ́. Ó ń dùn mí pé èmi ni mo ń fi ọwọ́ mi gbé Bàbá mi dìde lọ́dọọdún, tí mo tún ń padà wọ yàrá tí wọn ò sí.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo ti mọ gbogbo nǹkan. Mo kọ ohun tí Màmá sọ tán, mo wá fi gbólóhùn méjì tèmi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pé ó ti pé ọdún márùn-ún tí Bàbá mi ti kú, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bínú sí ìyá mi. Mo fi ọwọ́ ara mi jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Ara mi fúyẹ́ bí mo ti ń rìn bọ̀ nílé, mo ń kọrin.

Disẹ́ńbà ọdún kejì dé, kò sí lẹ́tà. Kérésì kọjá. Màmá ní ó lè jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló pẹ́. Ọdún tuntun wọlé, wọ́n yé sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n á dáwọ́ ẹ̀rọ dúró tí wọ́n bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, wọ́n á wò ó títí yóò fi kọjá, wọ́n á tún máa rán aṣọ wọn lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Bóyá a ti ṣẹ̀ wọ́n." Mo mọ ohun tí a ṣe. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, ilé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń béèrè wọn bí alààyè, èmi ni mo sì tì í pa. Mo ru ú fún oṣù mẹ́ta.

Oṣù Mọ́ọ̀ṣì ni ẹrù kan dé. Agolo bisikíìtì ni, aṣọ funfun ni wọ́n rán mọ́ ọn lára yípo, wọ́n sì kán ìda pupa sójú ìrán rẹ̀. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kàn án. Wọ́n jókòó, wọ́n tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń yin ọwọ́ ẹni tó rán an. Ṣákílì ló kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́ lójú omi, epo rẹ̀ sì ti ń rùn díẹ̀. Màmá jẹ ẹ́, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́tà méjì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ka ti Màmá sókè. Wọ́n ní ìyá ọkọ àwọn ṣàìsàn, ìyẹn ló mú ìwé pẹ́, agolo náà sì ti ń bọ̀ lójú omi láti oṣù Nofẹ́ńbà. Wọ́n ní kí Màmá bá àwọn kí ọkọ wọn, kí wọ́n ní kó rọra jẹ iyọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú wọn.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo ti ka èkejì, tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀. Mo lè kà á fún yín láìwò ó títí dòní. "Mo ti mọ̀ láti ọdún àkọ́kọ́. Ìyá rẹ máa ń fi ọkọ wọn sùn mí nínú gbólóhùn mẹ́wàá. Lọ́dún yẹn, wọ́n kàn ní ó ń kí mi ni, kò sí ẹjọ́ kankan. Mo sunkún nígbà náà, ọkọ mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Má sọ fún ìyá rẹ pé mo mọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ fún mi, wọ́n á sọ. Títí dìgbà náà, jẹ́ ká máa bá wọn kí i."

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ. Lọ́dún yẹn, nígbà tí Màmá ní kí n kọ ọ́ pé ọkọ àwọn ń kí wọn, mo kọ ọ́ láìjanpata.

Ó pẹ́ gan-an kí Màmá tó sọ ọ́. Fóònù alágbèéká ti dé, mo ti ń ṣiṣẹ́, Mínà sì ti fi nọ́ńbà wọn sínú lẹ́tà. Mo pè é, mo gbé e fún Màmá. Wọ́n dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń lọ sí yàrá, mo sì ń gbọ́ wọn lọ́nà.

"Mama Mina, who dey with you for house?" Wọ́n tẹ́tí sí èsì. "Oga dey? Tell am make e siddon near you. You don siddon?"

Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, etí ìró wọn tutù. "Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n sunkún gidi gan-an." Ọkàn wọn balẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá rán aṣọ ìyàwó tán. Mi ò sọ ohun tí mo mọ̀. Láti ìgbà náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn ní gbogbo Kérésì, èmi sì ni ẹjọ́ wá kàn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mí sùn pé mi ò jẹ́ kí àwọn fi iyọ̀ sẹ́nu.

Gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti wó àgbàlá wa, ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ló gba iwájú rẹ̀. Ní Oliha, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ti wà nínú ọ̀rá, kò sẹ́ni tó ń lé adìyẹ mọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí gbọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Èyí tó wà ní Èkó ti pè mí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti oṣù tó kọjá. "Mummy, just text Aunty Mina now. E no hard." Ọmọ dáadáa ni. Kò sí ohun tó le lójú ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ yára.

Mo mọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é. Kí n pè wọ́n, kí n béèrè ẹni tó wà nílé, kí n ní kí Mínà jókòó ti ìyá rẹ̀. Wọ́n pọ̀ lọ́hùn-ún, ọmọ wà, ọmọ-ọmọ wà, ọkọ wà. Wọ́n á di Ìyá Mínà mú. Mo gbé fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ àná, mo gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ni mo wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo rí i pé kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo rò pé ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nìkan ló ń fẹ́ ẹni tí yóò di òun mú. Mi ò rò ó rí pé ẹni tó fẹ́ la ẹnu sọ ọ́ náà ń fẹ́ ẹ. Màmá mi jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó dì wọ́n mú, èmi sì ń bínú sí wọn pé wọ́n ń purọ́.

Mo kọ ọ́ pé ẹ kú ọdún, gbogbo wa wà dáadáa. Mo wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Màmá ń kí yín. Mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ohùn kan dé sórí fóònù. Kì í ṣe ti Mínà. Ti ìyá rẹ̀ ni, ohùn arúgbó, ó lọ́ra, Yorùbá rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà ní Upper Sakponba.

"Mo gbọ́. Bá mi kí wọn."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti mọ̀, bí wọ́n ṣe mọ ti Bàbá. Mo dáhùn pé màá bá wọn kí wọn.